Àkísà Àgbà, Aṣọ Ìbora Ọmọ

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ tó bá ń gbéra ga ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ó lè mọ̀ pé ọjọ́ orí kò ṣeé rà lọ́jà. Àmọ́ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún àgbà náà. Bí ọmọ kò bá lè ní àkísà, ta ni yóò fún un bí kò ṣe àwa tí a ní in? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè pé kí wọ́n má lọ ra aṣọ tuntun ní ọjà Tẹ́júoṣó láti gé e wẹ́wẹ́ nítorí aṣọ ìbora ọmọ. Ohun tí wọ́n ń wá ti wà nínú báàgì Ghana-Must-Go tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ tú báàgì yẹn wò. Ankara ìsìnkú bàbá àgbà wà níbẹ̀, ti ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, pẹ̀lú búbá tí kò gba ìyá lápá mọ́ àti ìró tí etí rẹ̀ ti ya. Ankara tí a ti ń fọ̀, tí a ti ń sá láti ọdún mélòó kan ti rọ̀, kò ní ha ọmọ lára. Èyí tó fẹ́ ṣí nínú wọn ti ṣí tán. Léèsì ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀, pàápàá olókùúta. Aṣọ òkè tó ní òwú dídán náà kò dára fún iṣẹ́ yìí: ó ń gúnni, ó sì wúwo.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kí a máa rán ègé aṣọ pọ̀. Báwo ni aṣọ òfì ṣe ń di ìró? Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti ọwọ́ ahunṣọ jáde ní Ìsẹ́yìn, kí aránṣọ tó fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún, awẹ́ lórí awẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ń fi tuntun kún un láti ìran dé ìran. Bí àgbà bá sì papò dà, aṣọ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ọmọ ń pín. Àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun pàápàá kò fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ní 1942, ní abúlé Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, obìnrin adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Missouri Pettway kó aṣọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀, ó gé e, ó rán an pọ̀, ó sì di aṣọ ìbora. Ní 2002, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé yẹn ní Whitney Museum ní New York.

Ó wá ku bí a ṣe ń rán an. Ẹ fọ gbogbo aṣọ náà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù àti ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kí ẹ gé e ní íńṣì 7 sí íńṣì 7. Ààbọ̀ íńṣì yóò wọnú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, íńṣì 6 ni yóò kù lójú aṣọ. Ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní, 6 ní ìbú, 10 ní gígùn. Ègé 60 náà yóò fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5. Ẹ má kánjú níbi títẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pààrọ̀ wọn, kí ó bèèrè ẹni tó ni èyí àti ọjọ́ tí a wọ tọ̀hún. Ẹ rán ẹsẹẹsẹ wọn ní mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá lọ ojú ìrán ẹsẹ kìíní sí apá òsì, ẹ lọ ti ìkejì sí apá ọ̀tún, kí oríkèé wọn má baà wú nígbà tí ẹ bá ń rán ẹsẹ mọ́ ẹsẹ. Ẹni tí kò ní máṣíìnì lè pe obíọmà, aránṣọ tó ń gbé tirẹ̀ lé èjìká káàkiri Múṣin, tó ń fi sísọ́ọ̀sì ta kẹ́kẹ́ bó ṣe ń lọ. Kò ní pẹ́ rán àwọn ìlà tó gùn.

Ooru Èkó kò fẹ́ fóòmù nínú aṣọ ìbora. Bẹ́ẹ̀dṣíìtì àtijọ́ kan ṣoṣo ti tó láàárín. Bí kò bá sí nílé, ẹ wá a lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìró ìyá àgbà ni kó wà lẹ́yìn. Ẹ kọjú aṣọ iwájú sí ti ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dṣíìtì lé wọn, ẹ rán an yípo, kí ẹ fi àyè tí ọwọ́ lè gbà sílẹ̀ láti yí i sóde, kí ẹ tó rán àyè náà pa. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ta kókó sí gbogbo oríkèé, kí ti àárín má baà kó jọ sójú kan nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a fún un.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ ka abẹ́rẹ́ àti píìnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un kà nígbà tí ẹ bá parí. Bí ọ̀kan bá dín, ọmọ kò gbọdọ̀ fara kan aṣọ yẹn títí ẹ ó fi rí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò tíì yẹ fún un rárá. Àwọn dókítà ọmọdé ń kìlọ̀ pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè bo ọmọ ọwọ́ nímú lójú oorun. Ẹ ká a pamọ́ dè é.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré: gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, gbogbo aṣọ kọ́ náà là ń gé. Kí sísọ́ọ̀sì tó kan ìró ìyá àgbà, ẹ kúnlẹ̀ bi í. Bí ẹni tó ni aṣọ bá ti kú, ẹ bi àkọ́bí rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò fi tayọ̀tayọ̀ yọ̀ǹda, yóò tún sọ ibi tó ti wọ̀ ọ́ àti ẹni tó rà á fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ má gé tòun, ẹ ká a padà sínú báàgì, kí ẹ mú òmíràn.