Ta Ni À Ń Fi Rẹ́rìn-ín?

Kò ṣòro láti rí akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu tó mọ fíìmù Kòríà. Èyí tó mọ Africa Paradis ló ṣọ̀wọ́n. Sylvestre Amoussou, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ló gbé e jáde ní 2006. Ọdún 2033 ni ìtàn náà dá lé: Áfíríkà ti parapọ̀, ó sì lọ́rọ̀, Yúróòpù ti tòṣì. Olivier àti Pauline, ará Faransé tí kò ríṣẹ́ ṣe, yọ́ wọ Áfíríkà, ọwọ́ sì tẹ̀ wọ́n. Pauline, olùkọ́ bí èmi, di ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà gùn jù níbòmíràn. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi í han kíláàsì mi, ẹ̀rín sọ gèè. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ ta ni à ń fi rẹ́rìn-ín? Pauline kò du ẹnikẹ́ni ní físà rí. Wọ́n ní dígí ni fíìmù náà jẹ́ fún Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ará Yúróòpù kankan láàárín wa lọ́jọ́ náà. Àwa la jókòó síwájú dígí, ẹni tó ń tilẹ̀kùn mọ́ àlejò la sì rí nínú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ní ìkóríta, obìnrin kan láti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, na ọwọ́ sí mi. Mo fọwọ́ kan èjìká zémidjan pé kó máa lọ.