Olówó Kú, Gbèsè Kò Kú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á jọ gbé yẹ̀wò. Bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè bá kú, ta ni ó ni owó náà? Nípa gbèsè tí òkú fúnra rẹ̀ jẹ, a kì í wádìí pẹ́, nítorí pé àwọn olówó yóò tọ ẹbí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a jẹ òkú yàtọ̀. Ẹni tí ìbá béèrè rẹ̀ ti dákẹ́, nígbà púpọ̀ ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ ẹ́ nìkan ni ó kù tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, olówó lè rán ológò lọ jókòó ti ajigbèsè nínú ilé rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Òkú kò lè rán ológò. Ẹ̀rí ọkàn wa nìkan ni ó kù tí ó lè dógò tì wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará ìdálẹ̀ gidigidi. Àwìn ni a fi ń ṣòwò: aláṣọ a gbé ìgàn aṣọ fún oníbàárà, oníbàárà a sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń dá èésú láti oṣù dé oṣù, ikú sì dé kí kíkó tó kàn án. Àwọn tí ó ti kó tiwọn jẹ ẹ́ ní gbèsè, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. A ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, a ó gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, aya àti ọmọ yóò sì tẹ̀ lé e. Ta ni yóò padà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà láti béèrè owó tí kò mọ̀ pé ó wà?

Òfin ilẹ̀ wa kò fi èyí sínú òkùnkùn. Gbèsè tí a jẹ òkú jẹ́ apá kan nínú ohun ìní rẹ̀, bí ilé àti ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹ́. Bí ó bá kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, àwọn tí ó yàn sínú rẹ̀ ni yóò gba owó náà. Bí kò bá kọ ọ́, ẹni tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga bá fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní òkú ni yóò gbà á. Kò gbà á fún ara rẹ̀ o. Fún àwọn tí ogún tọ́ sí ni. Orúkọ ìbátan tí a kọ sí fọ́ọ̀mù báńkì nìkan kò sọ ẹni náà di ológún. Nínú àṣà wa pẹ̀lú, bí òkú bá ní ọmọ, ọmọ ni ó ń jogún rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni í fi í rọ́pò.

Ìwé Númérì, orí 5, ẹsẹ 6 sí 8, tilẹ̀ lọ jìnnà ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi ọmọnìkejì rẹ̀ yóò jẹ́wọ́, yóò dá ohun náà padà, yóò sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Bí ẹni náà kò bá ní ìbátan tí a lè san án fún, ti Olúwa ni, a ó sì fi í fún àlùfáà. Ẹ kíyè sí i: kò sí ibi kan tí owó náà ti padà di ti ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, àwáwí kò tán lẹ́nu wa. Àwọn kan a ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni; ìbá dárí rẹ̀ jì mí.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ọ́ nísinsìnyí, a kò sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ohun tí wọn kò mọ̀ jì wá. Ẹlòmíràn a ní, “Mo ra aṣọ ẹbí, mo sì náwó níbi ìsìnkú rẹ̀.” Ọ̀rẹ́ àti gbèsè kì í ṣe ọ̀kan náà. Owó tí a ná lójú gbogbo ayé, tí wọ́n sì fi yìn wá, kò lè pa gbèsè ìkọ̀kọ̀ rẹ́. Ẹlòmíràn tún ní, “Àbúrò òkú yóò ná an ní ìnákúnàá.” Bí ẹ̀rù yìí bá jẹ́ òótọ́, kí ó pe opó àti àkọ́bí òkú mọ́ àbúrò náà, kí ó sọ iye rẹ̀ níwájú wọn, kí ó sì mọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti gbà á. Ẹni tí ó ń pa owó mọ́ fún ọmọ òrukàn kì í fi í pamọ́ fún ọmọ òrukàn.

Agbanisíṣẹ́ pàápàá lè jẹ òkú ní gbèsè. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pàṣẹ fún àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn pé kí wọ́n ṣe ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ wọn, tí kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po 3 àpapọ̀ owó tí ó ń gbà lọ́dún. Ẹ̀yin tí fáìlì opó ń gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ rántí pé kò wá tọrọ bárà. Ohun tí í ṣe tirẹ̀ ni ó wá gbà.

Ẹ jẹ́ kí á ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó jẹ àti ohun tí a jẹ ẹ́ sínú ìwé kan, kí ó sì fi ibi tí ó wà han ẹnìkan. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa ní irú àṣẹ yìí nínú Kùránì, Súrà 2, ẹsẹ 282, pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Bí wọ́n bá gbọ́ nílé pé owó ẹni tí ó kú sí ìdálẹ̀ a máa bá a kú, ta ni yóò tún gbé ọjà àwìn fún wa? Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá mọ̀ pé owó òkú wà lọ́wọ́ òun, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí wọn yóò béèrè. Kí ó dìde, kí ó lọ sọ ọ́.