Ohun Tí Irin Òòfà Rí: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Sọ Ọ́?



Ní Saclay, nítòsí ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, irin òòfà kan wà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 132. Iseult ni orúkọ ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ tesla 11.7, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwòsàn kò ju 1.5 tàbí 3 lọ. Ní ọdún 2021, elégédé ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ní 2024 ni wọ́n fi àwòrán ọpọlọ ènìyàn tí ó yà han aráyé. Ìṣẹ́jú 4 péré ni ènìyàn yóò fi dùbúlẹ̀, a ó sì rí ohun tí ó kéré tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà nínú ọpọlọ rẹ̀. A kò fi ọ̀bẹ kàn án rárá. Omi tí Ọlọ́run fi sínú ara wa ni ó ń dá òòfà náà lóhùn.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn 20 tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ kì í ṣe aláìsàn. Wọn kò wá ìwòsàn. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kí ìmọ̀ lè pọ̀ sí i fún ire àwọn ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ bí olùwádìí bá rí kókó kan nínú ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó rán an láti wá a, kí ni ojúṣe rẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé olùwádìí kì í ṣe dókítà ẹni náà, àwòrán nìkan ni àdéhùn wọn. Ará Samáríà náà kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù ṣe àdéhùn kankan. Ó rí i, ìyẹn sì tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ ti ń mú sí i ni ó ń rí àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá àrùn ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé kókó tí kò lè pa wọ́n lára kiri títí di ọjọ́ ogbó. Bí a bá ju irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lu ènìyàn bí òkò, a lè gba oorun lójú rẹ̀, a sì lè tì í sábẹ́ ọ̀bẹ tí kò nílò.

Ètò UK Biobank ní ilẹ̀ Bìrìtéènì wù mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni àwọn tí wọ́n ya àwòrán inú ara wọn pé 100,000. Kí ènìyàn tó wọlé ni ó ti fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹni tí ń darí ẹ̀rọ bá ṣàkíyèsí ohun tí ó jọ ewu ńlá, dókítà tí ó mọ àwòrán kà ni yóò tún un wò. Bí òun náà bá rí ewu níbẹ̀, a ó kọ̀wé sí ẹni náà àti sí dókítà rẹ̀. Wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé èyí kì í ṣe àyẹ̀wò ìlera.

Ẹni tí ó bá wí pé òun kò fẹ́ gbọ́ ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, Baba Mímọ́ Póòpù Pius Kejìlá bá àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan sọ̀rọ̀. Ó kọ́ wọn pé dókítà kò ní àṣẹ lórí aláìsàn ju èyí tí aláìsàn fún un lọ. Ṣùgbọ́n ó tún wí pé aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe olówó ara rẹ̀ pátápátá. Ìríjú ni. Ìríjú kò sì lè di etí sí ìròyìn pé òrùlé ilé Olúwa rẹ̀ ń jó, pàápàá bí ó bá ní aya àti ọmọ lábẹ́ òrùlé náà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ipá sọ ọ́ fún un. Lójú tèmi, kí a fi pẹ̀lẹ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé kí ó tó dùbúlẹ̀ rárá, nítorí àwòrán tí olùwádìí bá ti rí, kò tún lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i mọ́.