Níbo Ni Arábìnrin Rẹ Wà?

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 4:1-10, Lúùkù 15:1-7

 

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tí ó fẹ́ ará Gánà bímọ ní Akra, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Mo wọ ọkọ̀ láti Agége níbí, a gba Sẹmẹ̀, Kútọnu àti Lomé kọjá. Mo rántí lójú ọ̀nà pé láti ilẹ̀ Gánà yìí ni Thomas Birch Freeman ti gba ojú òkun mú ìhìnrere wá sí Àgbádárìgì ní 1842. Èmi ń padà lọ síbi tí ìyìn rere ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ wá wá, n kò sì mọ̀ pé ìwàásù kan ń dúró dè mí níbẹ̀.

Kì í ṣe inú ilé ìsìn ni mo ti gbọ́ ọ. Àna mi ni ó wí fún mi ní ọjọ́ kan pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wo bọ́ọ̀lù. Hearts of Oak àti Asante Kotoko fẹ́ pàdé." Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ jà ní gbogbo Sátidé nítorí Arsenal àti Chelsea! Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, mo tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ará, mo rí èrò. Àwọn ti Kotoko wọ pupa, àwọn ti Hearts wọ pupa, yẹ́lò àti búlúù. Ìlù ń dún, fèrè ń dún, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè. Ìyá kan tí ó wọ pupa jókòó tì mí. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ó fún mi nínú omi rẹ̀. Nígbà tí góòlù wọlé, ó gbá mi mọ́ra bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Nígbà tí eré parí, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi jáde ní gẹ́ẹ̀tì.

Mo bi àna mi léèrè ìdí rẹ̀. Kò dáhùn, ó kàn mú mi lọ síwájú ère kan lóde pápá náà. Ère ọkùnrin kan ni, ó gbé ẹnìkejì rẹ̀ tí kò lè rìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: èmi ni olùtọ́jú arákùnrin mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2001, ẹgbẹ́ méjèèjì yìí náà ni ó pàdé níbẹ̀. Hearts borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Inú bí àwọn kan nínú èrò Kotoko, wọ́n ń ju àga àti ìgò sínú pápá. Ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín èrò. Àwọn ènìyàn sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá gẹ́ẹ̀tì ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Àwọn tó jáde láàárọ̀ láti lọ yọ̀!

Àwọn èrò Kotoko ní ọ̀rọ̀ akin kan: bí a bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò wá. Òótọ́ ni, pápá náà tún ti kún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá lẹ́yìn kọ́ ni ẹni tí ó lọ. Ìyá ẹni tí ó lọ mọ ìyàtọ̀.

Níwájú ère yẹn ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti bi mí ní ìbéèrè tí Ọlọ́run bi Kéènì. Mo rántí arábìnrin kan nínú kíláàsì mi. Ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ọba Àkran ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dá a dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ti dúró ní gẹ́ẹ̀tì tí ó ń wá iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a kò rí i mọ́ ní ìpàdé. Kí ni èmi olórí kíláàsì ṣe? Mo mú gègé, mo kọ "kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kọ ọ́. Mo la ẹnubodè mẹ́ta kọjá lọ rí ọmọ-ọmọ mi, n kò lè fo ojú irin Agége lọ rí arábìnrin mi.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bristol ní 1742, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ènìyàn John Wesley. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí olórí kan sì máa gbà á lọ́wọ́ ènìyàn bíi méjìlá. Nígbà tí àwọn olórí ń ti ilé dé ilé, ojú wọn rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé: ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ti ṣubú. Owó ni wọ́n wá lọ, ọkàn ni wọ́n rí. Lónìí, ẹ̀yin ìyá, ṣé kì í ṣe pé a rí owó kíláàsì gbà, tí a kò rí ọkàn mọ́? Olùṣọ́-àgùntàn inú Lúùkù kò wí pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ṣì pọ̀ tó.

Nígbà tí mo dé, mo lọ. Mo bá a nídìí àkàrà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, n kò rówó ra aṣọ ẹgbẹ́. Mo rò pé ẹ ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi ni." Èmi ni mo sunkún. Kò tíì padà sí ìpàdé o. Ṣùgbọ́n mo ń lọ, èmi àti ìyá méjì mìíràn, a kì í sì í mú ìwé owó dání.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ìyá aláṣọ pupa yẹn kò mọ orúkọ mi, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n dá dé gẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ta ni ẹ ti kọ "kò wá" sí? Kí oṣù yìí tó parí, ẹ dìde, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí aṣọ ẹgbẹ́ wa bá sì ti di gẹ́ẹ̀tì títì fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká ṣí i.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí a dáhùn bí Kéènì. Rán wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a ti gbàgbé, kí o sì fún un ní ọkàn láti dárí jì wá. Nítorí Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.