Ṣé Kíákíá Ni Àánú?

Ní Kirikiri Lighter Terminal, ọ̀rẹ́ mi kan ní ìkà ni àwọn òmùwẹ̀ tó yọ Harrison Okene. Mo ní rárá o! Oṣù Karùn-ún 2013 ni ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos. Okene, tó ń se oúnjẹ nínú rẹ̀, lo nǹkan bí wákàtí 60 ní ìsàlẹ̀ omi, ní bíi mítà 30, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Afẹ́fẹ́ ibú ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sáré fà á jáde, ẹ̀jẹ̀ á hó bí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Wọ́n tì í mọ́ yàrá irin, wọ́n ń dín ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin ará, ìyàwó rẹ̀ ì bá wà níbẹ̀, ṣé kò ní pariwo pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn? Ta ló máa dá a lẹ́bi? Síbẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn kò gbọdọ̀ ṣí. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ náà ni Okene tún wá lọ kọ́. Ọkùnrin!