Ìgbádùn Tọkọtaya: Nílé Ni Tàbí Lájò?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òwe yìí ni mo gbá mú bí ọ̀pá ìtìlẹ̀ láti nǹkan bí ọdún méjìlélógún tí mo ti gbéyàwó. Nígbàkigbà tí ìyá àwọn ọmọ mi bá ní kí àwa méjèèjì jáde lọ sí ibì kan, kí a lọ gba atẹ́gùn lásán, kí ó má jẹ́ ti ìnáwó òkú tàbí ti ìgbéyàwó, òwe yìí ni mo máa ń fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí òwe ti í ṣe nínú iyàn: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pa á ni ó sábà máa ń borí, bí kò tilẹ̀ jàre.

Ní ọdún tó kọjá, apá mi kò ká a mọ́. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Ìyàwó mi gba èsúsú, ó gbé owó náà sórí tábìlì níwájú mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, tèmi rèé. Ẹ mú tiyín wá." Ó ti yan ibi tí a ń lọ pẹ̀lú: erékùṣù Zanzibar, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ gbọ́, ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó ní, "Irú àgbọn wo ni ó wà níbẹ̀ tí kò sí ní Àgbádárìgì? Irú oòrùn wo ni ẹ fẹ́ lọ fi owó rà?" Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé sọnù. Bí a bá wo àwòrán ayé, nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà àtààbọ̀ ni Èkó fi wà lókè ìlà tí ó la ayé sí méjì. Nǹkan bí mẹ́fà náà ni Zanzibar fi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oòrùn kan náà ni. Mọ́ńgòrò, gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn: kò sí èyí tí ojú wa kò rí rí níbẹ̀, àfi kànáfùrù tí wọ́n ń sá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ nítorí ohun tí ojú ń rí nìkan ni ènìyàn ṣe ń rìnrìn-àjò, a jẹ́ pé owó wa ti bómi lọ.

Àwọn ọlọ́gbọ́n tí a ń ka ìwé wọn ní yunifásítì pàápàá wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi. Seneca ará Róòmù bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń kiri láti ìlú dé ìlú kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹrù tí wọ́n ń sá fún, orí ara wọn ni wọ́n rù ú lé. Pascal ará Faransé, ẹni tí ìwé èrò rẹ̀ jáde ní ọdún 1670 lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbà pé ọ̀pọ̀ wàhálà ọmọ aráyé kò ṣẹ̀yìn pé wọn kò lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú iyàrá kan. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ nígbà kan rí, mo sì ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nísinsìnyí, ìbéèrè kan ni mo ní. Pascal kò gbéyàwó. Ta ni ó ń gbá iyàrá náà?

N kò ní pẹ́ lórí ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Stone Town, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2000, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n fín bí òpó ààfin Èkìtì. Kìkì pé ibi tí ọjà ẹrú wà títí di ọdún 1873 ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Áńgílíkà wà báyìí. A dúró níbẹ̀, a kò lè sọ̀rọ̀. Mo rántí Àgbádárìgì tí ọ̀rẹ́ mi dárúkọ nítorí àgbọn.

Jambiani, ní etí òkun ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù náà, ni a dé sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, aago márùn-ún kò tíì lù tán tí ìyàwó mi ti jí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Kí ni kí n ṣe báyìí?" N kò rí èsì fún un. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó na ọwọ́ sí àwo mi láti bù ú fún mi, ó sì rí i pé wọ́n ti bù ú tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná. Ó jẹ ẹ́ tán kí n tó jẹ tèmi tán, kò sì dìde lẹ́ẹ̀kan. Nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó máa ń dìde nídìí oúnjẹ kan: omi kò sí, iyọ̀ kò tó, àlejò ń kan ilẹ̀kùn. Ọdún méjìlélógún ni a ti jọ ń gbé, n kò mọ̀ pé ẹni tí ń yára jẹun ni!

Bí àwa Yorùbá bá sọ pé inú ẹnì kan dùn, ohun tí a fi ojú rí lára rẹ̀ ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Mo rí i lára obìnrin yìí ní ọjọ́ kejì, ó sì bà mí lẹ́rù díẹ̀, nítorí mo ti rò pé inú rẹ̀ ń dùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ní ọjọ́ kẹta ni a rí àwọn obìnrin mwani. Òkun ibẹ̀ a máa fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nígbà mìíràn a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan, tí ẹsẹ̀ lè tẹ ibi tí omi wà ní àárọ̀. Bí ó bá ti fà báyìí ni àwọn obìnrin abúlé náà yóò wọ inú rẹ̀ lọ. Wọ́n ri èèkàn mọ́ iyanrìn, wọ́n ta okùn láàrin wọn, wọ́n sì so ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní mwani mọ́ okùn náà. Láti nǹkan bí ọdún 1989 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ fún títà. Wọn yóò sá a gbẹ, wọn yóò dì í sínú àpò, yóò sì lọ sí òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń yọ ohun tí ń mú nǹkan ki nínú rẹ̀, bí ọṣẹ ìfọyín àti áísìkiriimù. Ẹ̀yìn a máa dùn wọ́n. Oòrùn a máa pa wọ́n. Òkun tí ó ń gbóná sí i ní ọdún wọ̀nyí sì ti ba ọ̀pọ̀ irè wọn jẹ́.

Àwa sì nìyí lórí àga gbọọrọ, tí a fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ìyàwó mi kò lè jókòó mọ́. Ó ká aṣọ sókè, ó wọ omi tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń so ewé mọ́ okùn, ó so ó, ó tú, wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rín. Nígbà tí ó padà dé, ó ní, "Bàbá Ìbejì, oko ni wọ́n wà o. Àwa ni a rò pé òkun ni." Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún ní, "Bí ilé wa ti rí fún èmi náà nìyẹn."

Òwe mi já sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ta ni? Ẹni tí ó lọ sí oko ni òwe náà ń bá wí. Ẹni tí ó jẹ́ pé ilé gan-an ni oko rẹ̀, níbo ni yóò bọ̀ sí? Mo ti ń yìn ìgbádùn kékeré inú ilé fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: àkàrà àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ògì gbígbóná, àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn nígbà òjò, gaàrí tútù àti ẹ̀pà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Mo pè wọ́n ní ohun tí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan. Wọn kò ná mi ní nǹkan kan ni.

Ẹnì kan lè wí pé àsọdùn ni èyí, pé àwọn obìnrin púpọ̀ ni inú wọn ń dùn sí iṣẹ́ ilé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi wà nínú wọn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣíbí lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ìgbádùn tí ẹnì kan ń ṣe fún ẹlòmíràn kò jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ. Ẹlòmíràn lè wí pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni a tún bá dé òkun ìlà-oòrùn, nígbà tí mo lè dìde láti bu omi fún ara mi ní Ìbàdàn? Òótọ́ ni pé mo lè ṣe é. N kò ṣe é ni. Ó ṣòro láti rí ohun tí a ń gbé inú rẹ̀.

Àtakò kan wà tí n kò tíì borí rẹ̀. Àbúrò ìyá mi wà ní abúlé tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní ọdún náà gan-an. Owó tí a fi wọ ọkọ̀ òfuurufú ì bá kan páànù rẹ̀ tuntun, yóò sì ṣẹ́kù. Mo ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n òjò ọdún tó kọjá ti rọ̀ ná. Bí mo bá ní ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ni mo pa.

Ní báyìí, ní àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo ń bó ẹ̀wà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a ní láti rẹ ẹ́, kí a fi ọwọ́ ra á, kí a da èèpo nù lẹ́ẹ̀marùn-ún mẹ́fà kí a tó dé orí lílọ̀, àti pé bí a kò bá po ó dáadáa, kò ní wú nínú epo. Ìyàwó mi a jókòó tì mí pẹ̀lú ife tíì, yóò máa wo ọwọ́ mi, yóò sì máa tọ́ka sí àwọn èèpo tí mo fi sílẹ̀.

Kanga tí ó rà ní Stone Town ni ó máa ń ró. Aṣọ òwú aláràbarà ni, méjì méjì ni wọ́n ń tà á, ọ̀rọ̀ Swahili kan sì máa ń wà ní etí rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí obìnrin kò bá lè fi ẹnu sọ fún ọkọ rẹ̀, yóò ró o. Ẹni tí ó tà á túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un ní ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀kan kí ni ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa bó ẹ̀wà mi.