Ta Ló Bínú?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí èèyàn bá bínú, tó fọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, tó wá ń sọ lọ́jọ́ kejì pé, "Kì í ṣe èmi o, iṣẹ́ èṣù ni," ṣé ẹ máa gbà fún un?

Eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, The Incredible Hulk, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn. Oṣù kọkànlá ọdún 1977 ni CBS kọ́kọ́ fi í hàn, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1982. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ David Banner. Bí inú bá bí i báyìí, á di òmìrán aláwọ̀ ewé, aṣọ á fàya mọ́ ọn lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí i, táyà mọ́tò rẹ̀ ló jò lóru nínú òjò. Ibi tó ti ń pààrọ̀ rẹ̀ ló ti fọwọ́ ṣèṣe. Mọ́tò ara rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fọ́. (Ìbínú ò mọ tẹni yàtọ̀ sí tẹlòmíràn.)

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bill Bixby ló ni ojú dókítà. Lou Ferrigno, tó gba oyè Mr. Universe ní 1973 àti 1974, ló ni ara òmìrán. Igbe tí òmìrán ń ké kì í ṣe tirẹ̀ rárá: Ted Cassidy ló ń ké e, nígbà tí ìyẹn sì kú ní 1979, Charles Napier gba iṣẹ́ náà. Àwọ̀ ewé náà ní ìtàn tirẹ̀. Pupa ni Kenneth Johnson tó gbé eré náà kalẹ̀ fẹ́, ó ní pupa ni àwọ̀ ìbínú. Ta ni nínú wa tó máa bá a jiyàn? Ṣebí pípọ́n ni ojú ẹni tínú ń bí máa ń pọ́n. Stan Lee, ọ̀kan nínú àwọn tó dá òmìrán náà sílẹ̀ nínú ìwé alàwòrán ní 1962, ló kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ eérú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀! Ìtẹ̀wé ni kò jẹ́ kí eérú náà dọ́gba, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ewé.

Lójú tèmi, "iṣẹ́ èṣù" gan-an ni wọ́n náwó sí yìí. Wọ́n yọ ìbínú ọkùnrin kan kúrò lára rẹ̀, wọ́n fún un ní ara ọ̀tọ̀, wọ́n yá ohùn fún un. Ta ni kò ní wù kí ìbínú òun ní ojú tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọlọ́pàá lè rí nǹkan mìíràn mú? Banner fúnra rẹ̀ ò lo àwáwí yẹn. Bó bá jí nínú àkísà, ẹ̀rù ohun tó lè ti ṣe ló máa ń bà á.

Ti Ferrigno ló wá yé mi jù. Àrùn etí ti ba ìgbọ́ràn rẹ̀ jẹ́ láti kékeré. Wọ́n kun gbogbo ara rẹ̀ lọ́dà, wọn ò sì fún òmìrán náà ní ọ̀rọ̀ kan sọ. Àfi ní 1981, nínú apá kan tí wọ́n pè ní King of the Beach, ni wọ́n jẹ́ kó tún ṣe ẹlòmíràn láìkun ọ̀dà: Carl, ọkùnrin abara-líle tí kò gbọ́ràn dáadáa, ẹni jẹ́jẹ́, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Apá kan náà ni, iṣan kan náà ni. Ẹ fọ ọ̀dà kúrò, ẹ ò ní bá ìbínú kankan lábẹ́ rẹ̀. Ara dókítà tó rọra ń sọ̀rọ̀ yẹn ló wà látìbẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti na ọmọ kan rí nítorí àwo tó fọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kejì, mo ní ìbínú ni, n ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Irọ́ ni. Mo rántí pé mo gbé pankẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì, nítorí pé ọ̀tún ti ń ro mí.